Bí Iṣẹ́ Ṣe Ń Di Orúkọ ní Ẹ̀yìnkùlé Sàlámọ̀tù

Dòdò Ìkirè ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n Àpòmù ni Sàlámọ̀tù ti ń dín tirẹ̀. Bí ará Ìkirè kan bá fẹ́ fi èyí yọ ọ́ lẹ́nu, Sàlámọ̀tù yóò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í béèrè ojúlé kó tó pọ́n. Ẹni tó bá sì ti tọ́ dòdò náà wò kì í tún bá a jiyàn mọ́, nítorí ẹnu tó ń jẹun kì í lè sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Yàtọ̀ sí dòdò, ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ládùúgbò ni wíwẹ ọmọ tuntun. Bí ọmọbìnrin kan bá bímọ tí ìyá tó bí i kò sí nítòsí, Sàlámọ̀tù ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á tẹ́ ọmọ lé e lórí, á fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Á na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi òróró ra gbogbo oríkèé. Lẹ́yìn náà á sọ ọmọ sókè, á gbà á, á tún sọ ọ́. Àwọn ìyá ìyá wa ló ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kí ẹ̀rù má baà máa ba ọmọ bó bá dàgbà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.

Ẹni tó bá rí i nídìí iṣẹ́ méjèèjì yìí lè rò pé kò mọ nǹkan mìíràn láyé. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ máa ń dùn mọ́ Sàlámọ̀tù bí oyin. Bí Hausa tó ń ta àlùbọ́sà bá ń kọjá lọ, á dá a dúró pé kó kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ kan, á sì máa pe ọ̀rọ̀ náà kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà, nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ fún un ní àlejò, ó mọ irú àlejò tó máa rán sí i.

Khalid, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló lọ sí Kòríà láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń dáko ní Orílẹ̀-Òwu bínú sí i gan-an: ṣé èyí tí àwọn ń kọ ebè lé lórí látọjọ́ yìí wá kì í ṣe ilẹ̀ ni? Khalid kàn rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó máa padà dé, ó mú ìmọ̀ bọ̀, ó sì mú ìyàwó bọ̀ pẹ̀lú. Orúkọ tí àwọn òbí ìyàwó sọ ọ́ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n Kamilah ni orúkọ tó jẹ́ lọ́jọ́ yìgì, òun náà ló sì ní kí gbogbo ènìyàn máa fi pe òun. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní “Ṣáínà” títí ó fi sú Sàlámọ̀tù láti máa tún un ṣe fún wọn.

Ìbàdàn ni Khalid ti rí iṣẹ́. Ilé tó gbà síbẹ̀ dára lójú, àmọ́ kò sí aládùúgbò tó ń kí ènìyàn, nígbà tí Kamilah sì lóyún, òun fúnra rẹ̀ ló ní Àpòmù ni òun fẹ́ máa gbé. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ló ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, bí iná bá ṣáà ti wà, ibi gbogbo ni ó ti lè ṣe é. Khalid á lọ ní Mọ́ńdè, á dé ní Jímọ̀. Láàárín méjì, ó ku àwọn méjèèjì: ìyakọ tí kò gbọ́ èdè Kòríà rárá, àti ìyàwó tí Yorùbá rẹ̀ ṣì ń rákòrò.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n jọ jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dé ibi tí èèpo rẹ̀ dúdú. Kamilah dá ọ̀bẹ dúró.

“Màámi, èèyàn ń jó. Ohun tó ń jó yẹn, kí ni?”

“Ijó ni.”

“Èèyàn ń sùn.”

“Oorun ló ń sùn.”

“Èèyàn ń lá…”

“Àlá ló ń lá. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Kamilah fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. “Bákan náà ni! Ní èdè wa, chu ni jó, chum ni ijó. Chum la máa ń chu. Ja ni sùn, jam ni oorun. Jam la máa ń ja. Kku ni kéèyàn lá, kkum ni àlá. Kkum la máa ń kku.”

Sàlámọ̀tù kò gbọ́ ọ yé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó wọlé sí i lára, ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ta ló kọ́ yín?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, Màámi. Ta ló kọ́ ẹ̀yin?”

Sàlámọ̀tù tún pe ijó, oorun àti àlá lẹ́nu ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń fẹnu sọ̀rọ̀, kò mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan sí ọ̀rọ̀. Àfi bí ẹni tó ti ń mí látọjọ́ tí wọ́n bí i, tí wọ́n wá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé atẹ́gùn ló ń fà símú. Wàyí o, ó rí i pé òun a máa mú ohun tí ènìyàn ń fi ara ṣe, òun a sì sọ ọ́ di nǹkan tó ní orúkọ, tí a lè bù, tí a lè pín, tí a lè fẹ́ràn. Àwọn tó wà ní ìkángun ayé kejì, tí wọn kò gbọ́ orúkọ Àpòmù rí, ń ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. “Sùbúhànáláà,” ló wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Fúnmilọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn jọ kọjú síra. Fúnmilọ́lá jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, olùkọ́ sì ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà ọmọge ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe ọ̀rẹ́, bí ọ̀kan bá ń gbààwẹ̀ èkejì á máa dọ́gbọ́n jẹun.

“Ṣebí ọ̀rọ̀-ìṣe tó di ọ̀rọ̀-orúkọ nìyẹn,” ni Fúnmilọ́lá wí. “À ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì.”

“Ẹ ń kọ́ wọn, ẹnu yín ò sì là sílẹ̀?”

“Kí lẹnu wa máa là sí?”

“Fúnmilọ́lá! Iṣẹ́ di orúkọ! Ohun tí ènìyàn ṣe di nǹkan!” Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹni tó gbé ẹ̀gbẹ́ odò tí kò wẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tó tún fi rí i pé ọ̀nà tí àwọn ará Kòríà ń gbà ṣe é ju ẹyọ kan lọ. Kamilah ní bí èèyàn bá fi “gi” sẹ́yìn “ja,” ó di jagi; bó bá fi “m” sí i, ó di jam. Sàlámọ̀tù ní kí wá ni ìyàtọ̀ wọn. Kamilah gbìyànjú títí, Yorùbá rẹ̀ kò gbé e. Agbada ló gbà wọ́n sílẹ̀. Sàlámọ̀tù na ọwọ́ sí dòdò tó ń hó nínú epo.

“Èyí tó ṣì wà lórí iná ńkọ́?”

“Gi!”

Ó na ọwọ́ sí èyí tó wà nínú asẹ́. “Èyí tó ti bọ́ sílẹ̀, tí a lè gbé fún oníbàárà?”

“M! Màámi, m ni!”

Àwọn méjèèjì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi sá kúrò lẹ́bàá ògiri. Jíjó ni chugi, ijó ni chum. Sísùn ni jagi, oorun ni jam. Bí iṣẹ́ bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, Yorùbá a máa pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì; bó bá ti jókòó di nǹkan, a sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un níwájú, bí “i” tó ṣáájú ijó. Ti Kòríà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé. Nígbà tí Fúnmilọ́lá gbọ́, ó ní kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀ o, pé èdè kọ̀ọ̀kan ní àgídí tirẹ̀. Sàlámọ̀tù ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí àwọn gbádùn eléyìí ná.

Láti ìgbà náà, ó di ẹni tó ń ṣọdẹ ọ̀rọ̀. Bó bá ń rìn lọ sí títì, á rántí ìrìn, á béèrè ti Kòríà, Kamilah á ní georeum. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín, ó di useum. Bó bá kírun tán, kó tó ká ẹní, á ní ìgbàgbọ́ ńkọ́, Kamilah á ní mideum, ara “mit” tí í ṣe gbàgbọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Awakọ̀ kan tó ń ti Gbọ̀ngán bọ̀ dúró ra dòdò, ó gbọ́ tí Sàlámọ̀tù ń dá kùn, “kkum, chum, jam.”

“Mama, which kind prayer be that?” ni awakọ̀ béèrè.

“Àdúrà kọ́. Èdè àwọn àna mi ni,” ni Sàlámọ̀tù dáhùn, ó sì fi ẹyọ kan kún un fún un, inú rẹ̀ ló dùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ́ béèrè. Ìyá Kamilah ti kú kí Khalid tó pàdé rẹ̀, Sàlámọ̀tù sì mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ kan egbò ọlọ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kan tí oyún ti wúwo, Kamilah fúnra rẹ̀ ló là á.

“Màámi, juk ni kú. Jugeum ni ikú. Sal ni kéèyàn yè. Salm ni ìyè.”

Ẹ̀rù Ọlọ́run ba Sàlámọ̀tù. Ìyẹn ni pé àwọn wọ̀nyẹn náà jókòó ti òkú wọn, wọ́n sì rí i pé kò tó kí wọ́n sọ pé lágbájá kú. Àfi kí wọ́n fún ohun tó wá náà ní orúkọ, kí wọ́n lè máa bá a wí, kí wọ́n lè máa bú u. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ṣe. Ìbànújẹ́ kan náà ló kọ́ ìran méjèèjì. Ó fa Kamilah mọ́ra díẹ̀, ó tún yára jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá wọ́n ń fa ara mọ́ra ní ìlú wọn.

“Ní ilẹ̀ wa,” ni Kamilah wí, “bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ló máa ń tọ́jú rẹ̀. Kò ní jẹ́ kí òtútù mú un. Ìyá rẹ̀ ló ń se ọbẹ̀ fún un.”

“Ọlọ́run á jẹ́ ká sọ̀ láyọ̀,” ni Sàlámọ̀tù fèsì. Ó ń wo ikùn tó yọ síwájú náà. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ló ń rò, kò gbọ́ ohun tí ìyá ọmọ sọ fún un.

Kamilah sọ̀ láyọ̀ lóòótọ́. Ọmọbìnrin ni, orí rẹ̀ kún fún irun, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ràhmọ̀t. Nọ́ọ̀sì ní hòsípítù kìlọ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ da omi sí i lára títí ìwọ́ rẹ̀ á fi já, kí wọ́n kàn máa fi aṣọ tútù nù ún. Kamilah ló ń nù ún, Sàlámọ̀tù ń wò ó bí ẹni tó ń wo oṣù Ààwẹ̀. Kànrìnkàn tuntun ti wà nílẹ̀. Ọṣẹ ti wà nílẹ̀. Ó ti wẹ ọmọ gbogbo ayé, kò tíì wẹ ọmọ ọmọ tirẹ̀ rí.

Ìwọ́ já. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kamilah sùn lọ fọnfọn lẹ́yìn tó ti fọ́mọ lọ́yàn. Sàlámọ̀tù ní jẹ́ kó sinmi. Ó rọra gbé ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí. Ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ. Ó wẹ̀ ẹ́, ó nà án, ó rà á, inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi ń kọrin. Ó wá sọ ọmọ sókè.

Ìgbà tí Ràhmọ̀t wà lófuurufú ni Kamilah yọ sí ẹnu ọ̀nà.

Igbe tó ké kì í ṣe ti Yorùbá, kì í sì í ṣe ti Kòríà. Sàlámọ̀tù gba ọmọ, bó ṣe ń gbà wọ́n láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ tó balẹ̀, Kamilah ti já ọmọ gbà tòun ti ọṣẹ lára rẹ̀, ó ti wọ yàrá, ó ti ti ilẹ̀kùn. Sàlámọ̀tù tẹ̀ lé e, ó kan ilẹ̀kùn. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Kamilah ti fọhùn.

“Bí Khalid bá dé ní Jímọ̀, èmi àti ọmọ mi máa bá a lọ. A ò ní padà wá. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.”

Kò pè é ní Màámi. Èyí ló kọ́kọ́ gún un lọ́kàn, kó tó di pé ìyókù yé e.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò ṣeé sọ. Kamilah á jáde wá gba oúnjẹ, á tẹríba kí ìyakọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní ìlú wọn, á tún wọlé, ọmọ á wà láyà rẹ̀ bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn àpò ẹrù rẹ̀ ti wà létí ilẹ̀kùn, ó ti dì wọ́n. Bí Ràhmọ̀t bá sunkún, Sàlámọ̀tù á dìde, á dé ìdí ilẹ̀kùn, á dúró, á sì padà. Inú bí i. Ta ló já bọ́ lọ́wọ́ òun rí? Àwọn géńdé tó ń wa ọkọ̀ ní títì yìí, ìdajì wọn ni òun ti sọ sókè! Nígbà tí ìbínú bá sì lọ, ẹ̀rù ló máa ń kù sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìbínú lọ báyìí, inú fóònù ni òun á ti máa rí ọmọ ọmọ òun títí òun á fi kú.

Ó pe Khalid. “Màámi, ẹ ṣe sùúrù,” ni Khalid wí. “Mo sọ fún un pé àṣà wa ni. Ó ní àṣà ò lọ́wọ́ tó máa fi gba ọmọ bó bá já. Àwọn dókítà sì ní kò dáa kí wọ́n máa jù wọ́n, ọrùn wọn ò tíì gbó. Àwọn nọ́ọ̀sì tiwa níbí gan-an ń sọ ọ́.”

“Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún?”

“Wọ́n ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyá tó bá lọ síbẹ̀, Màámi. Ẹ̀yin lẹ kì í lọ.”

Fúnmilọ́lá ló wá bá a níbi tó jókòó sí, agbada tutù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń rà. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, kò dá ẹnikẹ́ni láre. Ó kàn béèrè nǹkan mìíràn.

“Ìyá ọmọ ńkọ́? Ta ló ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́? Ta ló ń tẹ̀ ẹ́ nínú?”

Sàlámọ̀tù ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Òun ló ń wẹ̀ fúnra rẹ̀.”

“Láti ìgbà tó ti bímọ?”

“Àlejò ni, Fúnmilọ́lá. Ara wọn ò dà bíi tiwa. Mo rò pé kò ní fẹ́.”

“O bi í?”

“Rárá.”

“Bó bá jẹ́ ìyàwó Gàrúbà tó wà níwájú wa yìí ló bímọ, wàá bi í?”

Fúnmilọ́lá lọ, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Sàlámọ̀tù jókòó tì í títí oòrùn fi yí. Nínú gbogbo ilé tó ti wẹ ọmọ rí, ìyá ni í kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Á da omi gbígbóná sí i lẹ́yìn, á fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn, ìyá á ké, ara á sì tù ú. Ẹni tó bá ti mọ bí ọwọ́ Sàlámọ̀tù ṣe rí lára òun tìkára rẹ̀ ló ń fi ọmọ sílẹ̀ fún un láìbojúwẹ̀yìn. Ti Kamilah yìí, ó ti fún un ní àwo tó dára jù, ó ti fún un ní yàrá tó tutù jù, ó ti pọ́n ọn lé títí, kò sì fọwọ́ kan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àlejò ló ń fi í ṣe. Àlejò wo ló sì ń fi ọmọ rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́? Ojú tì í débi pé ó dá rín ẹ̀rín tí kò dùn.

Ó gbé omi kaná. Nígbà tó hó, ó pò ó, ó gbé e lọ sí balùwẹ̀, ó wá kan ilẹ̀kùn.

“Kamilah, ọmọ kọ́ ni mo wá bá. Ìwọ ni mo wá wẹ̀.”

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kamilah dúró níbẹ̀, irun rẹ̀ rí wúruwùru, ojú rẹ̀ wú. Ó wo ìyakọ rẹ̀, ó wo èéfín tó ń jáde láti balùwẹ̀. Ó tẹ́ Ràhmọ̀t sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sí ibi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o, ó tẹ̀ lé e.

Sàlámọ̀tù rò pé òun á rí ọ̀rọ̀ Kòríà kan sọ. Gbogbo èyí tó ti kó jọ sá lọ pátápátá. Ọwọ́ nìkan ló kù ú kù. Ó bu omi, ó dà á sí i lẹ́yìn. Kamilah gbọ̀n rìrì, ó di ògiri mú, ó ké. Ó tún dà á. Ó ri aṣọ bọ omi, ó fún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó sì dì í mú níbẹ̀. Ó rí àwọn ilà tí oyún fà sí ikùn náà, irú èyí tí Khalid fà sí tirẹ̀, kò yàtọ̀ rárá. Ìwọ Ọlọ́run, ó wí nínú ọkàn rẹ̀, irú ènìyàn wo ni mo rò pé o rán sí mi tẹ́lẹ̀?

“Eomma,” ni Kamilah wí, ó sì bú sẹ́kún.

Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń pe ìyá tí ìyá mìíràn kò ní mọ̀. Sàlámọ̀tù kò dá ọwọ́ dúró.

“Sunkún. Sunkún dáadáa. Omi ṣì wà.”

Nígbà tó yá, Kamilah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ohun tó ń ṣe mí yìí, Màámi, ó lórúkọ ní èdè wa. Geurip ni ohun tí ọkàn ń ṣe sí ẹni tí kò sí mọ́. Geurium ni orúkọ rẹ̀.”

“Àárò ni,” ni Sàlámọ̀tù wí. Ó ronú sí i, aṣọ gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀. “Àmọ́ ní tiwa, èèyàn kọ́ ló ń ṣe é. Òun ló ń sọ èèyàn. Àárò ìyá rẹ ló ń sọ ọ́.”

Kamilah gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ti Sàlámọ̀tù ṣe là nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́sí. “Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí,” ló wí. “Bẹ́ẹ̀ gan-an.”

“Mo ṣì í ṣe, ọmọ mi. Mo gbé ọmọ rẹ láì bi ọ́. Má bínú.”

Sàlámọ̀tù kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé, ẹ bi ará Àpòmù léèrè. Ó sọ ọ́ kedere, kò fi òwe bò ó.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń jù ú sókè?”

“Kí ẹ̀rù má baà máa bà á.”

“Ẹ̀rù ba èmi.”

“Mo mọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni omi ń gbóná. Sàlámọ̀tù kò mẹ́nu ba ọmọ, kò tilẹ̀ yọjú wo apẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pa á lára. Ìyá ọmọ nìkan ni Sàlámọ̀tù ń wẹ̀, ó sì ń se ọbẹ̀ gbígbóná fún un. Kamilah ń jẹ, ó ń sùn, awọ ara rẹ̀ ń padà. Àwọn àpò kò kúrò létí ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Kamilah wẹ̀ tán, ó wọ aṣọ. Ó dé ibi apẹ̀rẹ̀, ó gbé Ràhmọ̀t, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí Sàlámọ̀tù ti ń da omi ìwẹ̀ tó ṣẹ́ kù nù. Ó fi ẹsẹ̀ fa àpótí sún mọ́ ọn.

“Màámi, ẹ jókòó.”

Sàlámọ̀tù jókòó. Kamilah tẹ́ ọmọ sí i lẹ́sẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, eékún kan eékún. Sàlámọ̀tù wẹ ọmọ náà bí ẹni tí kò wẹ ọmọ rí, ó ń wo ojú ìyá ní gbogbo ibi tó bá fẹ́ gbé ọwọ́ dé. Ó na apá. Ó na ẹsẹ̀. Ó fi òróró rà á. Nígbà tó dé ibi tó kù, ó dúró.

Kamilah mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ lábẹ́ ọmọ.

“Ẹ jù ú,” ló wí. “Díẹ̀. Mo wà níbí.”

Sàlámọ̀tù wo ọwọ́ kékeré méjì tó là sílẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí. Ó mọ ohun tó ná Kamilah láti tẹ́ wọn. Ó ki Ràhmọ̀t lábẹ́ apá, ó gbé e sókè. Ọmọ náà wò ó láti òkè, ojú rẹ̀ dúdú, ó tutù, ó gbẹ́kẹ̀ lé e láìmọ̀ ohun tí ń jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé. Ọwọ́ Sàlámọ̀tù kọ̀, kò ṣí. Lẹ́yìn gbogbo ọmọ tó ti sọ sókè láyé, ẹ̀rù bà á fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì yà á lẹ́nu bí ẹ̀rù náà ti dùn tó. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú ọwọ́ ìyá rẹ̀.

“Ìwọ náà wẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Jẹ́ kí n wò ọ́.”

Ó dìde, ó fi Kamilah jókòó sórí àpótí, ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí ọmọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ mẹ́rin ló wà lára ọmọ kan. Àsìkò yìí ni ọkọ̀ Khalid dé. Ó gba inú ilé kọjá, ó rí àwọn àpò tí wọ́n dì, ó fi ọkàn tó wúwo yọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì béèrè bóyá kí òun máa kó ẹrù sínú ọkọ̀.

Kamilah ní kó kọ́kọ́ bá àwọn bu omi gbígbóná wá. Omi ń tutù lọ, ọṣẹ sì ṣì wà lórí ọmọ.